Ríìmù fún BMW 335i lójú ọ̀nà Èkìtì: ẹ bá mi dá sí i kí n tó sanwó

Ọmọ Àjìlóṣùn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá mi. BMW 335i ọdún 2008 ni mo ń wà ní Adó, irú tí wọ́n ń pè ní E90, onílẹ̀kùn mẹ́rin, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le, gíà kò ṣe wàhálà kankan. Ríìmù íǹṣì 18 ló bá a dé, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn ti tẹ̀ ní etí inú, fọkanáísà sì ti sọ fún mi pé òun ò lè bálánsì wọn mọ́. Bí mo bá ti ń sún mọ́ 90 lórí ọ̀nà Ìfàkì báyìí, ṣe ni sìtíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí ríìmù 19 dúdú kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Èkó ni ẹni tó ń tà á wà. Ó ní ihò márùn-ún ni, pé ó máa wọ BMW èyíkéyìí. Ríìmù náà rẹwà, ó sì wọ̀ mí lójú gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Àkúrẹ́ àti ti Iléṣà ni mo máa ń tọ̀ jù, ti Ẹ̀fọ̀n ni mo sì ń gbà lọ sí Iléṣà. Kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó fi owó ránṣẹ́? Ṣé 19 lè ru ọ̀nà wa? Ṣé tuntun ni kí n rà, àbí ojúlówó tòkunbọ̀?

Ẹnjiníà Ìyìn

Àbúrò, jọ̀wọ́ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó bá ní ríìmù kan wọ "BMW èyíkéyìí" kò mọ ohun tó ń tà. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ra ríìmù. Ẹwà rẹ̀ á dúró dè ọ́, nọ́ńbà ni kí o kọ́kọ́ bèèrè.

Ihò márùn-ún nìkan kò sọ nǹkan kan fún wa. Bí ìlà róbótó tí ihò márààrún tò sí ṣe fẹ̀ tó ni kí o wò. Ti E90 jẹ́ mìlímítà 120, ohun tí wọ́n ń kọ ní 5x120 nìyẹn. Mercedes C300 jẹ́ 5x112. Camry, Lexus IS àti Honda End of Discussion jẹ́ 5x114.3. BMW fúnra rẹ̀ ti yí padà: Series 3 tuntun tí wọ́n ń pè ní G20, 5x112 ló ń lò. Ojú lásán kì í rí ìyàtọ̀ 112 sí 114.3, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń fipá di í. Bóòtù á jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, á máa tú díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ẹ̀mí ni wọ́n fi ń ṣeré níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ihò àárín, èyí tí ríìmù fi ń jókòó lórí họ́ọ̀bù, irin àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń di ríìmù mọ́. Ti ọkọ̀ rẹ jẹ́ 72.6. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí ríìmù Series 5 àtijọ́, E39, jẹ́ 5x120 lóòótọ́, ti X5 E70 náà sì jẹ́ 5x120, ṣùgbọ́n 74.1 ni ihò àárín àwọn méjèèjì. Yóò wọlé, bóòtù á sì dì, síbẹ̀ ríìmù ò ní jókòó ní àárín gbùngbùn. Ìgbọ̀n tí o ń sá fún á tún bá ọ nílé. Bí o bá ti fẹ́ràn irú rẹ̀, ra òrùka tó ń dí àlàfo náà, 74.1 sí 72.6, kí ó jẹ́ ti alumíníọ́mù. Èyí tí ihò rẹ̀ bá kéré ju 72.6 lọ kò ní wọlé rárá. Ríìmù Honda Civic Type R FK8 jẹ́ 5x120 bíi tìrẹ, 64.1 sì ni ihò àárín rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ há ihò náà fẹ̀ fún ọ lẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta ló le jù, òun náà ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ lóye: offset, tí wọ́n ń kọ ní ET. Mú ìdajì ìbú ríìmù, fa ìlà síbẹ̀. Bí ojú ibi tí ríìmù ti ń kan họ́ọ̀bù ṣe jìnnà sí ìlà yẹn tó ni ET. Bí nọ́ńbà náà bá pọ̀, ríìmù á wọ inú. Bí ó bá kéré, ríìmù á yọ síta. Ríìmù 18 tí wọ́n ṣe mọ́ 335i láti ilé iṣẹ́ jẹ́ 8J (ìbú íǹṣì 8) ET34 níwájú, 8.5J ET37 lẹ́yìn. Ti Series 5 E60 jẹ́ 8J, ET20. Ìbú kan náà, ṣùgbọ́n ti E60 á yọ síta ju tìrẹ lọ ní mìlímítà 14. Bí o bá kó èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn tí o sì gun bọ́ńpù, féńdà á máa fá táyà.

Bí ìbú bá tún yàtọ̀, ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ká ní wọ́n fẹ́ ta 9J ET30 fún ọ fún iwájú. 9J fi íǹṣì kan fẹ̀ ju 8J lọ, íyẹn mìlímítà 25.4. Pín in sí méjì, 12.7 sí inú, 12.7 síta. ET sì ti lọ sílẹ̀ láti 34 sí 30, nítorí náà fi 4 kún ti ìta, yọ 4 kúrò nínú ti inú. Ríìmù á yọ síta ní 16.7, á sì súnmọ́ ṣọ́kù ní 8.7. Gba rúlà, kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ, kí o wò ó bóyá àyè yẹn wà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ìyá Onítáyà, ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́

Ọmọ mi, ẹnjiníà ti sọ ti irin, jẹ́ kí n sọ ti rọ́bà, torí rọ́bà ló ń gba ìyà kòtò kí ó tó kan ríìmù.

Wo ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú rẹ. 225/40R18 ni wọ́n kọ síbẹ̀. 40 yẹn, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ti 225 ni, ó túmọ̀ sí pé rọ́bà tó wà láàárín ríìmù àti ilẹ̀ jẹ́ mìlímítà 90. Bí o bá lọ sí 19, 225/35R19 lo máa rà, rọ́bà rẹ̀ kò ju 79 lọ. Bí o bá padà sí 17, 225/45R17 ni, rọ́bà rẹ̀ jẹ́ 101. Gíga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, 634, 637, 640, torí náà géèjì iyàrá ò ní purọ́ fún ọ. Láàárín 17 àti 19, rọ́bà tó lé ní mìlímítà 20 ni o máa pàdánù. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, mo ń rí àwọn tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Ríìmù tó ń tẹ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni 19 àti 20 tí wọ́n wọ táyà pẹlẹbẹ fún. Ọmọ kékeré lásán ni àwọn tó ni wọ́n, wọ́n á gbé ríìmù wá bí ẹni gbé òkú ọ̀rẹ́, ó sì máa ń dùn mí.

Kí o tún bèèrè bóyá runflat ni táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ. BMW kó E90 jáde pẹ̀lú táyà runflat, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le gan-an tó fi lè ru ọkọ̀ lọ fún nǹkan bí kílómítà 80 láìsí afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fi sípéà sínú búùtù rẹ. Ṣùgbọ́n líle ẹ̀gbẹ́ náà ni kì í jẹ́ kí ó rọ̀ fún kòtò, gbogbo ìgbá náà ríìmù ni yóò gbà á. Ní ọ̀nà tiwa, táyà lásán ni mo máa ń gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n wọ̀. Bí o bá wọ̀ ọ́, o gbọ́dọ̀ ní sípéà, jáàkì àti sípánà nínú búùtù. Má ṣe gbà kí ilẹ̀ ṣú bá ọ láàárín Arámọkọ sí Ẹ̀fọ̀n láìní sípéà.

Ó kan déètì táyà. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà, wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn: 3521 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2021. SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlànà ọjà, sọ pé ọdún mẹ́rin ni ọjọ́ orí táyà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ríìmù tòkunbọ̀ tí táyà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ má ka táyà yẹn mọ́ owó rárá. Ìjọba ti fòfin de kíkó táyà tòkunbọ̀ fún mọ́tò wọlé, ó sì nídìí. Òtútù ìlú òyìnbó ti jẹ ẹ́, oòrùn wa á sì parí rẹ̀.

Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ìwọ̀n táyà, bíi W nínú 94W, náà ṣe pàtàkì: ó ń sọ eré tó pọ̀ jù tí táyà lè gbà, ní kílómítà fún wákàtí kan. W túmọ̀ sí 270, V túmọ̀ sí 240, H sì jẹ́ 210. 335i lè sá dé 250, W ni kí o rà. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa sá 250 ní Èkìtì, ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn náà ló ń sọ bí táyà ṣe lè fara da ooru tó.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Mo dúró gbọn-in lẹ́yìn Màmá. 17 ni kí o rà, ìdájọ́ mi nìyẹn, mi ò ní yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n lọ sí ìhà Ìwàràjà mọ̀ pé ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí búréèkì fún ìgbà pípẹ́, kọ́nà kan ò tíì tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ríìmù tó bá wúwo, búréèkì ni yóò máa bá ìwúwo rẹ̀ jà. Ríìmù tí ojú rẹ̀ bá sì dí pa, ooru ò ní rí ibi jáde. Ríìmù 17 tó fúyẹ́, tí àlàfo wà láàárín apá rẹ̀, á jẹ́ kí mọ́tò náà dá dúró kíákíá, á sì jẹ́ kí ó sáré dáadáa, torí ẹ́ńjìnnì ò ní máa fi agbára yí irin tó wúwo. Ó jọ mí lójú pé àwọn èèyàn á na owó sórí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wá fi ríìmù 20 tó wúwo gba gbogbo rẹ̀ padà.

Má sì rò pé 17 jẹ́ ìrẹ̀sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ BMW fúnra rẹ̀ kó 335i jáde pẹ̀lú 17: 8J ET34, táyà 225/45R17, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ ọ̀kan náà, o lè máa gbé ti ẹ̀yìn síwájú kí wọ́n lè jẹ dọ́gba, o sì lè fi ọ̀kan péré ṣe sípéà fún ibi gbogbo. Ti 18 tìrẹ, 225 níwájú, 255 lẹ́yìn, kò gbà ọ́ láàyè bẹ́ẹ̀.

Kìkì ohun kan: díìsìkì búréèkì iwájú 335i jẹ́ mìlímítà 348, ó tóbi ju ti 325i lọ. 16 ò lè bò ó. 17 ojúlówó BMW á bò ó. Ṣùgbọ́n 17 ti ilé iṣẹ́ mìíràn, wọ ọ̀kan wò níwájú láìní táyà, kí o fi ọwọ́ yí i, kí o wo àlàfo tó wà láàárín apá ríìmù àti kálípà, ìyẹn irin tó ń gbá díìsìkì mú.

Ọmọ Fájuyì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má dá 19 lẹ́bi tán. Mo ń wọ̀ ọ́ ní Adó, ó dára fún mi. Ẹni tó bá ń rìn láàárín Bàsìrì, Fájuyì, ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú àti ọ̀nà Ìfàkì lásán, tó ra táyà XL (èyí tí wọ́n ṣe láti gbé ẹrù púpọ̀) tó dára, tó sì ń wo afẹ́fẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé kí táyà tó gbóná, 19 ò ní pa á lára. Mọ́tò dúró dáadáa ní kọ́nà, ojú rẹ̀ sì dùn ún wò. Ẹwà náà ní iye, a ò ra 335i tìtorí pé a fẹ́ gbé iṣu.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ra géèjì tìrẹ, má fọkàn tán ti fọkanáísà. Bí afẹ́fẹ́ bá fi díẹ̀ dín kù nínú táyà pẹlẹbẹ, kòtò kan péré tó láti tẹ etí ríìmù.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Mo gbọ́ ọ, àbúrò, mo sì gbà pé ó ṣeé ṣe fún ìrìn tìrẹ. Ẹni tó bèèrè ni mo ń dáhùn. Ó ní Àkúrẹ́ àti Iléṣà lòun ń lọ. Lórí ọ̀nà Àkúrẹ́ lẹ́yìn òjò, omi á bo kòtò, ojú ò sì ní rí bó ṣe jìn tó.

Ará Ìkọ̀lé ní Mushin

Èkìtì kete! Èmi ń ta pátì ní Ládìpọ̀, jẹ́ kí n dá sí ti tuntun àti tòkunbọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣe ríìmù alumíníọ́mù. Àkọ́kọ́, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á dà á sínú àwòkọ́, ó parí. Èyí ló pọ̀ jù, òun ló sì dínwó jù. Ìkejì ni flow-formed: wọ́n á dà á, lẹ́yìn náà wọ́n á fi rọ́là tẹ àgbá rẹ̀, ibi tí táyà ń jókòó lé, tagbára-tagbára nígbà tó ṣì gbóná, kí ó lè gùn kí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fúyẹ́, ó sì le. Ìkẹta ni forged: wọn ò yọ́ ọ, odidi alumíníọ́mù ni wọ́n fi ẹ̀rọ alágbára ńlá tẹ̀. Òun ló le jù, owó rẹ̀ sì ga. Lójú kòtò, forged sábà máa ń tẹ̀ kí ó tó là. Ríìmù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n dà lè là láìkọ́kọ́ tẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí agbára rẹ bá tó flow-formed láti ilé iṣẹ́ tó ní orúkọ, rà á. Bí kò bá tó, ojúlówó BMW tòkunbọ̀ dára ju tuntun aláìlórúkọ lọ. Mo ń ta méjèèjì, ohun tí màá sì sọ fún àbúrò mi ni mo ń sọ yìí.

Ayédèrú pọ̀. Wo TE37 ti Rays, ilé iṣẹ́ Japan, tó jáde ní ọdún 1996. Forged ni. 37 inú orúkọ rẹ̀ wá láti ìwúwo rẹ̀, kílógíráàmù 3.7 fún èyí tó jẹ́ íǹṣì 15, 6J. Àwọn kan wá ń da ríìmù tó jọ ọ́ bí ìbejì, apá mẹ́fà, àwọ̀ idẹ, ìlẹ̀mọ́ orúkọ. Gbé e lọ́wọ́, ìwúwo rẹ̀ á tú àṣírí rẹ̀. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe fún BBS ti Jámánì àti OZ ti Ítálì.

Àmì JWL tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn ríìmù, òfin Japan ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ríìmù ló ń fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti dán an wò. VIA ló túmọ̀ sí pé àwọn mìíràn tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ayédèrú náà sì ń kọ JWL sára. Nítorí náà, wá orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n dà mọ́ ara irin, wá ìwọ̀n, wá nọ́ńbà ẹrù. Ìlẹ̀mọ́ lásán kì í ṣe ẹ̀rí.

Lẹ́yìn ojúlówó BMW, wàá rí àmì BMW, nọ́ńbà pátì oní-díjíìtì méje, ìwọ̀n bíi 8Jx17, àti IS34. IS yẹn ni ET tí ẹnjiníà ń sọ. Àwọn míì máa ń ní orúkọ ẹni tó bá BMW ṣe é, bíi BBS tàbí Ronal. Rí i dájú pé nọ́ńbà pátì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kó mẹ́ta jọ, tí wọ́n wá fi ẹ̀kẹrin tí ojú rẹ̀ jọra ṣùgbọ́n tí IS rẹ̀ yàtọ̀ kún un.

Tí o bá fẹ́ yẹ tòkunbọ̀ wò, dojú rẹ̀ délẹ̀. Iwájú kì í purọ́ púpọ̀, inú àgbá ni gbogbo ẹjọ́ wà. Fi ìka tọ inú rẹ̀ yíká. Ibi tí wọ́n bá ti jó, ọwọ́ á gbá ìlà tó yọ sókè, tàbí kí wọ́n ti lọ̀ ọ́ dán kí wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ ò bá ti tòsí mu. Ríìmù tí wọ́n jó, fi í sílẹ̀ fún wọn, bó ti wù kí ó dínwó tó. Iná ń ba líle alumíníọ́mù jẹ́. Èyí tí wọ́n fi iná gáàsì gbóná tẹ̀ padà náà, kò sí nínú èyí tí ọmọ ìyá mi máa wọ̀. Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ bálánsì láìní táyà kí wọ́n yí i, kí o dúró síwájú, kí o wo etí rẹ̀ méjèèjì. Bó bá ń jó sókè-sódò, o ti rí i. Kí o san owó bálánsì fún wọn, má ṣahun.

Ọmọ Àjìlóṣùn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin tèmi. Mo ti ní kí ẹni tó ń ta 19 yẹn ya ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀: 19x8.5, 5x120, ET35, 72.6, JWL. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́, kò sí nọ́ńbà ẹrù. Ó ní "OEM quality" ni, pé ó dára bíi ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ọkọ̀ mi mu, àbí? Kí ni nọ́ńbà ẹrù gan-an?

Ẹnjiníà Ìyìn

Nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́ dára. 8.5J ET35 á yọ síta ní bíi 5.4, á wọ inú ní bíi 7.4 ní iwájú, ó ṣeé ṣe. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ló ń kọ mí lóminú.

Ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, wo ìlẹ̀mọ́ tó wà lára òpó. Wọ́n kọ ìwúwo tó pọ̀ jù tí áàsì iwájú àti ti ẹ̀yìn lè gbé síbẹ̀, ní kílógíráàmù àti ní pọ́n-ùn. Pín ti ẹ̀yìn sí méjì. Ká ní ó jẹ́ 1,100, ríìmù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè gbé 550 ó kéré tán. Ríìmù gidi máa ń ní nọ́ńbà yẹn lára, o lè rí 690 kg lẹ́yìn rẹ̀. Táyà náà ní tirẹ̀, nọ́ńbà tó ṣáájú lẹ́tà bíi W: 88 túmọ̀ sí kílógíráàmù 560, 91 jẹ́ 615, 94 jẹ́ 670. Ríìmù tí kò sọ ohun tó lè gbé, o kàn ń gbàdúrà lé e lórí ni.

Mẹkáníìkì Òkèṣà

Ẹ kú àfikún. Mo fẹ́ sọ ti dídì, nítorí ríìmù tó dára lè tú lójú ọ̀nà bí wọn ò bá dì í bó ṣe yẹ.

BMW ń lo bóòtù, Toyota àti Honda ń lo nọ́ọ̀tì. Ti E90 jẹ́ M12x1.5, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ti Mercedes rí róbótó bí bọ́ọ̀lù. Bí o bá fi olórí bọ́ọ̀lù sínú ihò ṣóńṣó, etí kékeré kan péré ni yóò fara kàn, yóò sì tú. Bí o bá ra ríìmù tí kì í ṣe ti BMW, bèèrè irú bóòtù tó ń lò. Gígùn rẹ̀ náà: fi ọwọ́ wọ̀ ọ́, kí ó yí tó ìgbà mẹ́jọ kí ó tó dì. Bí wọ́n bá fẹ́ fi sípésà (irin pẹlẹbẹ tó ń ti ríìmù síta) mìlímítà 12 sí i, bóòtù gbọ́dọ̀ gùn sí i ní 12. Èmi kì í fẹ́ sípésà ní ọ̀nà wa, ra ET tó tọ́.

Kí o fi wáyà fọ ìpẹtà kúrò lójú họ́ọ̀bù kí ríìmù tó kàn án. Fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ gbogbo bóòtù, lẹ́yìn náà kí o máa dì wọ́n ní ìkọjá-síkọjá bí ẹni ya ìràwọ̀. 120 Nm ni ti ọkọ̀ rẹ. Torque wrench ló ń wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ń fi páìpù gígùn sí sípánà tí wọ́n á tún gun orí rẹ̀, bóòtù ni wọ́n ń fà gùn, bó bá di ọjọ́ tí táyà bẹ́ lójú ọ̀nà, o ò ní lè tú u.

Ohun kan tí àwọn ará ìlú ńlá kì í mọ̀: ní àsìkò òjò, ẹrẹ̀ pupa wa máa ń lẹ̀ mọ́ inú ríìmù, á gbẹ níbẹ̀. Mọ́tò á gbọ̀n bí ẹni pé bálánsì ti bàjẹ́. Kí o tó sáré lọ ná owó, fi omi tó lágbára fọ inú àgbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọmọ Àjìlóṣùn

Mo ti fi 19 sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Mushin bá mi rí ojúlówó BMW 17 mẹ́rin, 8J, IS34, nọ́ńbà pátì bára mu. Wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ bálánsì, kò sí èyí tó ń jó. Mo máa ra táyà tuntun lọ́dọ̀ Màmá ní ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Ìbéèrè tó kù: ríìmù mi àtijọ́ ní nǹkan kan lára fáàfù tó ń sọ afẹ́fẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ṣé kí n yọ ọ́?

Ará Ìkọ̀lé ní Mushin

Bẹ́ẹ̀ ni, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ní sẹ́ńsọ̀ nínú fáàfù. Ní kí fọkanáísà yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó má fi irin tí wọ́n fi ń ṣí táyà kàn án, yóò fọ́. Bátìrì wà nínú rẹ̀, àwọn kan lè ti kú. Rọ́bà fáàfù nìkan ni kí o pààrọ̀ fún èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Èmi á wé ríìmù kọ̀ọ̀kan ní páálí kí ó tó wọ wébíìlì, kí o yẹ̀ wọ́n wò ní gáréèjì kí o tó fọwọ́ sí i fún dírẹ́bà.

Ìyá Onítáyà, ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́

Máa bọ̀, ọmọ mi. Mo ní 225/45R17 tó jẹ́ 94W, déètì rẹ̀ ṣì tuntun, wàá fi ojú ara rẹ kà á kí o tó sanwó. Má ju ríìmù 18 méjì tó ṣì dára nù, tà wọ́n, wọ́n á ràn ọ́ lọ́wọ́ lórí owó sípéà.

Mẹkáníìkì Òkèṣà

Bí o bá ti wọ̀ wọ́n tán, lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, torí kòtò tó tẹ ríìmù méjì yẹn ti ṣe nǹkan fún apá iwájú náà. Rìn lọ rìn bọ̀ láàárín Adó fún nǹkan bí kílómítà 50 sí 100, kí o padà wá sọ́dọ̀ mi kí n tún fi torque wrench kan gbogbo bóòtù ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó gba Ẹ̀fọ̀n lọ sí Iléṣà.